Ohùn Lárúbáwá Lẹ́nu Wa

Ẹni tó bá gba títì Badagry kọjá láàárín Ìbá sí Òkókómáíkò, lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn ọmọ kéwú ń ṣe wólímátì, yóò gbọ́ wa kó tó rí wa. Ẹgbẹ́ àsàlátù ni wá, ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wa. Èmi ni mò ń dá orin, àwọn yòókù ń gbè é. Lọ́dún yìí, a pinnu pé gbogbo ètò Máólúdì wa á jẹ́ ìmọrírì fún àwọn Lárúbáwá tí a jogún ohùn yìí lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ sọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ká ṣáà ti máa mi ọ̀fun ni.

Búrúdà la fi bẹ̀rẹ̀, ewì ìyìn Ànábì tí al-Busiri kọ ní Íjíbítì ní ohun tó lé ní 700 ọdún sẹ́yìn. Àfáà wa ń pè é ní ìlà kọ̀ọ̀kan, a ń pè é tẹ̀ lé wọn, títí ó fi mọ́ wa lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ń yí ìtumọ̀ padà, nítorí náà ohùn akọrin ráyè rìn níbẹ̀. O lè fa ọ̀rọ̀ kan gùn, kí o gbé e gòkè, kí o rọ̀ ọ́ wálẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní ṣì ọ́ gbọ́.

Yorùbá ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dé ibi tí mo ti fi Yorùbá kún un, tí mo ń ki Ànábì ní "aṣáájú ẹ̀dá", mi ò gbọdọ̀ mi ohùn láàárín ọ̀rọ̀ rárá. Màá pè é ketekete, màá gbé ìparí rẹ̀ sókè, màá dá a dúró síbẹ̀ títí àwọn ìyá tó jókòó lẹ́yìn pátápátá á fi gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀fun á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, díẹ̀díẹ̀, títí èémí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kó tó tán, àwọn elégbè á ti gbà á. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn oníwákà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹ gbọ́ Salawa Abẹ̀ní, tó gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1976 láti fi dárò Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ Umm Kulthum ará Íjíbítì, ọmọ lèmọ́ọ̀mù, tó máa ń tún ìlà orin kan ṣoṣo kọ lákọtúnkọ, tí ti ìsinsìnyí kì í jọ ti ìṣáájú. Ẹ ó rí i pé ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni ohùn wọn ti wá: ilé kéwú.

A ò lo dùùrù lálẹ́ Máólúdì náà. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí wà. Nínú ọ̀nà orin tí a ń lò, èyí tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní bayati, ìró kejì bọ́ sí àárín kọ́kọ́rọ́ dúdú àti funfun. Dùùrù wa ò ní in. Bí a bá tẹ̀ lé dùùrù, ìró yẹn á kú, gbogbo orin náà á sì dà bí orin ìsìn ìjọ mìíràn. Sákárà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò dí ohùn lọ́wọ́, àwọn la mú.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń dàgbà bọ̀ nínú ẹgbẹ́ ló ká mi lára. Etí dùùrù ni wọ́n ní, wọ́n máa ń fa ìró kejì yẹn lọ sókè jù. Nísinsìnyí, ká tó bẹ̀rẹ̀ ìfidánrawò kankan, mo máa ń fi Kùránì Sheikh Abdul Basit sí i fún wọn, olókìkí akéwú ọmọ Íjíbítì tó kú lọ́dún 1988. Mi ò ní kí wọ́n kọ nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n á gbọ́, wọ́n á kùn ún nímú, wọ́n á tún gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti ń bá ìró náà níbi tó wà. Òun ló máa dá orin ní wólímátì tó ń bọ̀, èmi á wà láàárín àwọn elégbè.