Orin Òdòdó Láti Derry

Àwọn kan ka orin 'All Kinds of Everything' sí orin yẹpẹrẹ, nítorí pé ohun wẹ́wẹ́ tó rẹwà ni Dana ń tò lẹ́sẹẹsẹ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti dàgbà: Derry ní Àríwá Írẹ́lándì, níbi tí ọmọ ogun Bìrìtéènì ti wọ ìgboro ní oṣù kẹjọ ọdún 1969. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ó fi orin náà borí fún Írẹ́lándì nínú ìdíje Eurovision ọdún 1970. Orin kan náà ló sì gba ipò kìíní ní Bìrìtéènì. Ní tèmi, orin tí kò dárúkọ ìjà kì í ṣe orin tí kò mọ ìjà. Ọmọ tó ń ka òdòdó nígbà tí ilé ń jó mọ ohun tí iná lè gbà lọ́wọ́ òun.