Àwo Èébú Tètè Ń Súni

Ọmọ Ìbàdàn ni Síkírù Àyìndé Barrister. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, kí àwọn ará Bẹẹrẹ àti Mápó má baà ní mo ń bú ọmọ onílé. Ọ̀gá ni. Wéré tí wọ́n fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì nínú ààwẹ̀, òun ló wà níwájú àwọn tó sọ ọ́ di fújì tí gbogbo ayé ń jó. Ṣé Dáúdà Ẹ̀pọ̀-Àkàrà tiwa náà kò gba ọ̀nà wéré dé ìdí awúrebe?

Ṣùgbọ́n ìjà wọ inú àwo. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, òun àti Àyìnlá Kollington ń fi orin ju òkò ọ̀rọ̀ lu ara wọn. Èyí á sọ tirẹ̀, tọ̀hún á fèsì. Àwọn bàbá wa pín sí méjì, kódà títí dòní, bí ẹ bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níwájú àgbà méjì ní Ọjà'ba, ẹ ó rí i pé iyàn kò tíì tán.

Èmi ò bá wọn dá ẹjọ́ ẹni tó jàre. Orin ni mo ń gbọ́. Bí ènìyàn bá gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ sí i lónìí, tí kò sí ẹni tí yóò tú òwe inú rẹ̀ fún un, ohùn ẹni tínú ń bí nìkan ni yóò gbọ́. Ìlù á kàn máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ tó yẹn, kí ló ń wá nídìí “ta ló ń bá mi wí”? Kollington ẹ̀wẹ̀, bàtá tó mú wọ fújì ni ìdáhùn tó dára jù lọ tó fún ẹnikẹ́ni, kò sì bú ènìyàn kan níbẹ̀.

Ọdún 1988 ni Barrister gbé Fuji Garbage jáde. Háà! Dùùrù, gìtá àti fèrè wọlé, dùndún sì ń sọ̀rọ̀ láàárín wọn láìsí ìdíwọ́. Ó ti lé lógún ọdún nídìí iṣẹ́ nígbà náà, ó sì ń kọ́ ohun tuntun bí ọmọ iṣẹ́.

Ohun tó dùn mí ni àwọn àwo ìkẹyìn. Níbẹ̀, èébú ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ olówó ló gba ipò rẹ̀. Alhaji yìí, Olóyè tọ̀hún, ìyàwó, ọmọ, ọkọ̀. Wàsíù Àyìndé, ọmọ tó ti ń ru ẹrù ìlù fún un tẹ́lẹ̀, ti gba ìgboro láti ìgbà Talazo ní 1984, gbogbo ọ̀dọ́ ló sì ń sáré. Ọ̀gá kò sáré mọ́. Ó jókòó, ó ń kí èrò.

Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó ní Bẹyẹrúnkà lónìí tí wọ́n sì fẹ́ gbé Barrister sí i, ẹ tẹ́tí sí èyí tí wọ́n máa ń mú. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n mú ti ìjà.