Ọkàn Ló Ń Wakọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ọkàn ń ṣe nídìí ọkọ̀, kó jókòó ti ògbólógbòó awakọ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Tìrélà ń ti apá Ìlọrin bọ̀ níwájú. Ọlọ́kadà yọ láti ẹ̀bá koríko lọ́tùn-ún. Ọmọ tó ń kiri omi tutù fẹ́ sọdá. Bàbá kò yí orí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára tìrélà, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí búréèkì nítorí ọlọ́kadà.

Karlene Ball àti Cynthia Owsley wà lára àwọn onímọ̀ tó wá ọ̀nà àtiwọn irú ọgbọ́n yìí ní Amẹ́ríkà. Awakọ̀ á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Àwòrán kan á yọ láàárín, òmíràn á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wéré, wọ́n ti pòórá. Ti àárín yẹn, ọkọ̀ kékeré ni àbí tírọ́ọ̀kì? Ibo lèkejì wà? Bó bá gbà á, àwòrán á túbọ̀ yára, wọ́n á sì da àmì onígun mẹ́ta yí i ká kójú lè dàrú.

Ìdánwò náà jinlẹ̀. Ojú ẹni lè mọ́ kedere níwájú dókítà, kí ọkàn ṣì pẹ́ kó tó mọ ohun tójú rí. Ìwádìí kan tó jáde ní 1998 lórí awakọ̀ ẹni ọdún 55 sí 87 fi hàn pé ewu ìjàǹbá àwọn tó pàdánù ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ìdánwò yìí ń wọ̀n, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ìlọ́po 2.2 ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ọkàn gba ẹ̀kọ́: nínú ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2010, ìjàǹbá tí àwọn àgbà tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọkàn fọwọ́ ara wọn fà dín kù ní nǹkan bí ìdajì láàárín ọdún 6.

Ní Nàìjíríà tiwa, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ láti 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tiwọn sílẹ̀ ní 1988 pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká gẹ́gẹ́ bí alága àkọ́kọ́. Láti 2017 ni wọ́n ti ń fi dandan lé ẹ̀rọ adínrékù nínú ọkọ̀ akérò. Ẹ̀rọ yẹn mọ eré. Kò mọ ọkàn. Bí ìdánwò ọkàn bá dé gáréèjì wa lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tá à ń yìn ni kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìrírí kì í jẹ́ kéèyàn tètè fura pé ojú inú òun ti ń lọ́ra.