FÌLÀ IRIN LÓRÍ ỌMỌ ỌDÚN 14: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ìwé Tripods Tí John Christopher Kọ

Ní ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá, ohun iyì ni fìlà. Ọkùnrin tó bá wọ agbádá láìdé fìlà, ìmúra rẹ̀ kò tíì pé. Nítorí náà, bí òǹkọ̀wé kan bá sọ fún wa pé ní ayé kan tó ń bọ̀ wá, gbogbo ọmọ tó bá pé ọdún 14 ni yóò gba fìlà, pé abúlé yóò se àsè, pé tẹbí tọ̀rẹ́ yóò wá bá a yọ̀, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti mọ ìdí tí inú ọmọ náà fi ń dùn. Ohun tó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù ni pé irin ni fìlà yìí, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ orí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí dé ọjọ́ ikú, kò ní lè ro èrò kan tó lòdì sí ẹni tó dé e fún un.

Ìtàn tí mò ń sọ yìí ni a mọ̀ sí Tripods. John Christopher ni orúkọ tó wà lára ìwé, ṣùgbọ́n Samuel Youd ni orúkọ òǹkọ̀wé náà gan-an, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní 1922, tí ó sì kú ní 2012. Ìwé àgbàlagbà ni ó kọ́kọ́ fi di olókìkí. The Death of Grass jáde ní 1956. Nígbà tó wá kọjú sí àwọn ọmọdé, ó kọ The White Mountains àti The City of Gold and Lead ní 1967, The Pool of Fire sì tẹ̀ lé wọn ní 1968. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1988, ó tún kọ ìkẹrin, When the Tripods Came, láti sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ gàgàrà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń jọba lórí ayé nínú ìtàn náà. Àwọn baba wa ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyí náà kò da ohunkóhun nù, àfi làákàyè ọmọ ènìyàn. Christopher kọ́ ló kọ́kọ́ ro irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. H. G. Wells ti lò ó nínú The War of the Worlds ní 1898. Ṣùgbọ́n àwọn ti Wells ń fi iná jó ènìyàn ni. Àwọn ti Christopher ń tọ́jú ènìyàn. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ìwé yìí wà. Ogun ti tán láyé. Àwọn ìlú ńlá àtijọ́ ti di ahoro, kò sí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì, kò sí mọ́tò, aago ọwọ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ ti bàbá Will sì ni ìyanu gbogbo abúlé. Àwọn ènìyàn ń dáko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń gbé ní àlàáfíà. Ta ni yóò bá irú ayé bẹ́ẹ̀ jà?

Will Parker ni ọmọ tó ń sọ ìtàn náà fún wa, ọmọ abúlé Wherton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí ó fi díẹ̀ dàgbà jù ú lọ, Jack, tí àwọn méjèèjì jọ máa ń sá lọ sí inú ahoro láti ṣeré. Kí ó tó di ọjọ́ ìdéfìlà, Jack ni ẹni tó máa ń bèèrè ìbéèrè: ta ló kọ́ àwọn ohun ńláńlá ìgbà àtijọ́? Kí ló dé tí ènìyàn kò lè kọ́ wọn mọ́? Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé, ó gbé e sínú, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ padà. Wọn kò lù ú, wọn kò dá ọgbẹ́ sí i lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí Will tún gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, Jack dá a lóhùn jẹ́jẹ́ bí àgbàlagbà tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Àwọn ìbéèrè ọjọ́sí ti di eré ọmọdé lójú rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òǹkọ̀wé mìíràn ìbá fi ẹ̀jẹ̀ àti igbe kún un. Christopher fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí ju igbe lọ.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń dàgbà ní Òkè Ọya níhìn-ín mọ The Hunger Games ti Suzanne Collins, tó jáde ní 2008, dáadáa ju ìwé yìí lọ. Fíìmù ló fà á. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Nínú ti Collins, ọmọ 24 ni wọ́n ń kó lọ pa ara wọn, ọ̀pọ̀ àgbègbè tí wọ́n ti ṣà wọ́n sì mọ̀ pé ìkà ni. Ìyá ń sunkún. Kò sí ẹni tí a ní láti là lójú. Nínú ti Christopher, bàbá Will kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọn yóò gba ọkàn ọmọ náà lọ. Òun náà ti dé fìlà. Bàbá tirẹ̀ ló se àsè tirẹ̀. Ìyà tí ènìyàn mọ̀ pé ìyà ni kò ṣòro láti kọ̀. Èyí tí wọ́n bá gbé fún ọ pẹ̀lú orin àti oúnjẹ, láti ọwọ́ ẹni tó bí ọ, báwo ni ọmọ ọdún 13 yóò ṣe kọ ìyẹn?

Mo gbọ́ tí àwọn òbí kan nínú ẹgbẹ́ wa ń sọ pé irú ìwé báyìí ń kọ́ ọmọ ní àìgbọràn, nítorí Will sá kúrò nílé lóru láìdágbére. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn, nítorí ẹ̀rù ọmọ tó ń sá lọ kò jìnnà sí àwa tí a ń tọ́ ọmọ ní ẹ̀yìn odi. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ìwé náà dé òpin, a ó rí i pé kì í ṣe ìtàn ọmọdé tó kẹ̀yìn sí àgbà. Àgbàlagbà kan ló la Will lójú, ọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní Ozymandias, tó ń ṣe bí wèrè alárìnkiri kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta má baà fura sí i. Àgbàlagbà arọ kan, Julius, ló ń darí àwọn olómìnira tí wọ́n fara pa mọ́ sínú òkè yìnyín ilẹ̀ Switzerland. Julius kò sì lè dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó bá borí nínú ìdíje ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ń mú wọ ìlú àwọn Ọ̀gá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. N kò tíì rí ìwé Òyìnbó tí òwe yìí bá mu tó báyìí.

Will fúnra rẹ̀ kì í ṣe akọni tó mọ́ láìlábàwọ́n. Oníwàǹwára ni, ó máa ń jowú, inú rẹ̀ sì máa ń bàjẹ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá mọ nǹkan jù ú. Ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú ìwé kìíní ni ààfin kan ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àìsàn dá a dúró. Ìdílé ọlọ́lá tó ni ààfin náà tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ, ó sì fẹ́ràn ọmọbìnrin wọn, Eloise, ẹni tí kì í tú gèlè orí rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, níbi eré, Will ṣí gèlè náà: fìlà irin wà lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, Will ń rò ó láti dúró. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́, bí kò bá jẹ́ pé wọ́n yan Eloise láti lọ sin àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí òun náà sì fi tayọ̀tayọ̀ ń lọ, Will ì bá ti gba fìlà tirẹ̀. Ìrora ọkàn ló gbé e kúrò níbẹ̀, kì í ṣe ìlànà. Inú ìwé kejì ló ti wá tún rí Eloise, nínú ìlú wúrà àwọn Ọ̀gá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ nípọn tí ara sì ń wúwo níbẹ̀ bí òjé. Ó ti kú. Wọ́n fi í pamọ́ fún wíwò, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi abẹ́rẹ́ kan labalábá mọ́ pátákó. Ọ̀gá tó mú Will lọ wò ó kì í sì í ṣe òǹrorò. Ó máa ń bá ẹrú rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ràn ajá rẹ̀.

Ìwé kẹta ni mo ní ẹjọ́ díẹ̀ bá rò. Wọ́n ṣèèṣì rí i pé ọtí ń dá àwọn Ọ̀gá dùbúlẹ̀, wọ́n sì dà á sínú omi wọn. Orí ló bá wọn ṣe èyí, kì í ṣe ọgbọ́n, ó sì jọ pé òǹkọ̀wé ń kánjú. Ìlú méjì ṣubú. Ìkẹta, tó wà ní Panama, kò ṣubú títí Henry, ìbátan Will, fi kó ara rẹ̀ lé orí òrùlé rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ǹbù lọ́wọ́. Ìtàn ìdárayá fún ọmọdé ìbá parí síbẹ̀, kí ìlù máa dún. Christopher kò jẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Ó pe Àpérò gbogbo ìran ènìyàn, Julius ń retí pé wọn yóò wà ní ìṣọ̀kan, ṣùgbọ́n ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ rí ní ọdún ìdìbò kò nílò kí a túmọ̀ orí ìwé yìí fún un.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ìwé yìí sí ju ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lọ. Ó ti sọ fún ọmọdé pé àlàáfíà tí fìlà ń fúnni kò dára. Nísinsìnyí ó sọ fún un pé ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni ariwo àti ẹ̀yà-kẹ́yà. Will, Fritz àti Beanpole, tí oníkálukú wọn ti ní ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ṣe, fi í sílẹ̀ láti lọ máa bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan. A kò gbọ́ bóyá wọ́n gbà.

Àbùkù tó tóbi jù lọ ni ti obìnrin. Nínú ìwé mẹ́ta gbáko, bí a bá yọ Eloise àti àwọn ìyá kúrò, obìnrin tó ṣe nǹkan kan kò pọ̀ tó èyí tí a lè fi ọwọ́ kan kà. Eloise pàápàá, kí wọ́n wò ó ni iṣẹ́ rẹ̀, láyé àti lẹ́yìn ikú. Nígbà tí BBC sọ ìtàn náà di eré tẹlifíṣọ̀n ní 1984 àti 1985, wọ́n fi àwọn ọmọbìnrin kún un. Ṣùgbọ́n wọ́n dá eré náà dúró kí ó tó dé ìwé kẹta, nítorí náà ẹni tó bá wò ó nìkan kò rí Àpérò náà rárá. Ọmọbìnrin tó bá ń ka ìwé yìí ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ibi tí àwọn ẹgbẹ́ òun wà, kí ìyá rẹ̀ má sì pa á lẹ́nu mọ́.

Fún ẹni tó bá fẹ́ rà á fún ọmọ ọdún 10 sí 14: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ The White Mountains, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ti 1988, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ìtàn inú rẹ̀ ṣáájú. Ẹ fi ìyẹn sí ìkẹyìn. Nínú rẹ̀ ni a ti rí bí àwọn Ọ̀gá ṣe gba ayé láìjagun púpọ̀. Ètò tẹlifíṣọ̀n kan ni wọ́n lò, èyí tó ń mú kí àwọn tó ń wò ó fẹ́ràn àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lójijì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó fìlà dé, àwọn tí ètò náà ti mú sì ń fi ọwọ́ ara wọn dé e, wọ́n tún ń lọ láti ilé dé ilé láti fi dé àwọn aládùúgbò wọn.