Ta Ni Ó Ni Ìṣẹ́gun? Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ogun àti Ère inú Igbó Òṣun Òṣogbo

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ̀wé nípa Igbó Òṣun ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950. Ìbẹ̀rẹ̀ yìí kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé ogun ni ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Ní nǹkan bí ọdún 1840 ni àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀, Ìbàdàn ni ó wá gba ìlú náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí àwọn olùsìn Òṣun ń sọ, Òṣun fúnra rẹ̀ ni ó para dà di olóúnjẹ, tí ó gbé oúnjẹ olóró lọ tà fún àwọn tí ó dó ti ìlú. Kò yẹ kí lámèyítọ́ fi ọ̀kan pa èkejì. Iṣẹ́ tí ìtàn kejì ń ṣe ni ó yẹ kí ó wò. Bí ó bá jẹ́ pé Ìbàdàn ni ó gba Òṣogbo là, Ìbàdàn ni Òṣogbo jẹ ní gbèsè. Bí ó bá jẹ́ pé Òṣun ni, odò tí ó ń ṣàn lórí ilẹ̀ wọn ni wọ́n jẹ ní gbèsè, wọ́n sì ń san án lọ́dọọdún ní oṣù kẹjọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà ṣe gba ìṣẹ́gun padà lọ́wọ́ alágbára, tí ó sì fi í fún onílé.

Ọ̀ràn Iléṣà yàtọ̀. Ìbàdàn yìí kan náà ni ó kó ìlú náà ní 1870. Kò sí ẹni tí ó lè pè é ní olùgbàlà níbẹ̀. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara, Ògèdèǹgbé, aṣáájú Ẹkìtìparapọ̀ nínú ogun Kírìjì, ni Ìjẹ̀ṣà rántí.

Nígbà tí ojúbọ ń wó, tí wọ́n ń gé igi, tí wọ́n ń pẹja, tí àwọn tí ó fẹ́ sọ ilẹ̀ igbó di ọjà sì yọjú, Àtáọ́ja àti àwọn ará ìlú ni ó ti Wenger lẹ́yìn. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tí ń gbẹ́ òkúta, àti Kásálí Àkàngbé tí ń gbẹ́ igi, kì í ṣe alágbàṣe lásán. Ní tòótọ́, ère ńlá tí Wenger fi símẹ́ńtì mọ ga ju bí ojú Yorùbá ti mọ ère lọ. Ohùn tirẹ̀ ni ó pọ̀ nínú wọn. Ògiri oníhò tí Àkànjí ṣe ni ó sún mọ́ ìlú jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ni àwọn àlejò kọ́kọ́ máa ń yà ní fọ́tò.

Ní 1965 ni ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. UNESCO fi í kún ogún àgbáyé ní 2005. Wenger kú ní 2009. Òjò àti ewéko kò dáwọ́ dúró lára símẹ́ńtì, ọwọ́ àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ni àtúnṣe sì bọ́ sí. Orúkọ ta ni yóò wà lórí ère tí ọwọ́ mìíràn bá tún mọ?