“Ọ̀rá” wo ni wọ́n ń bá wí?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ àròyé mi lórí gbólóhùn kan tí àwọn tó ń ta oògùn àìrọ́mọbí fẹ́ràn lórí rédíò: pé ọ̀rá ń ba ẹyin obìnrin jẹ́. Ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rá wo?

Yorùbá ní epo, òróró, àdí, òrí. Orúkọ wọ̀nyí ń sọ ibi tí a ti rí ọ̀rá, wọn ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú epo pupa, palmitic acid sún mọ́ ìdajì. Oleic acid tó nǹkan bí 40 nínú 100. Nígbà tí wọ́n fi ẹyin màlúù dán an wò (ẹ má rẹ́rìn-ín, abo màlúù náà ní ẹyin), palmitic kò jẹ́ kí ẹyin gbó dáadáa. Oleic sì dín ìpalára náà kù. Ṣé ẹ rí i? Apanilára àti olùgbèjà ń gbé inú ìgò kan náà!

Màlúù kì í ṣe ènìyàn, òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá tó yí ẹyin ká kì í ti ìkòkò ọbẹ̀ bọ́ síbẹ̀ tààrà. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e, ara obìnrin fúnra rẹ̀ sì ń tú u sílẹ̀.

Láti 1989 tí iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ashiru ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ti so èso ọmọ IVF àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wa ti kúnná jù báyìí lọ. Ọjọ́ orí ló ń pinnu bí ẹyin ti dára tó jù lọ, kì í ṣe ọbẹ̀. Obìnrin tó da epo nù, tó tún ń bú ara rẹ̀, ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ ni a dì rù ú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ irú ọ̀rá tí ẹ ní lọ́kàn.