Egúngún Tí A Kò Mọ Agbo Ilé Rẹ̀

Ó ṣòro kí a ṣe ìgbéyàwó ní Ìlá Ọ̀ràngún, kí àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún pé jọ síbẹ̀, kí DJ má fi "Wait for Me" sí i nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ. Orin tí King Sunny Adé àti Onyeka Onwenu jọ kọ lọ́dún 1989 ni. Àwọn ìyá á dìde, àwọn bàbá á fọwọ́ lé àyà, ìyàwó tuntun tí wọn ò tíì bí nígbà tí orin náà jáde á máa mi orí. Àwa náà ń jó o. Onyeka ti di olóògbé lọ́jọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2024, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì ń wọ̀ wá lára bí ẹmu ìdájí. Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn ni pé: ta gan-an ló ń bá wa sọ̀rọ̀ nínú orin yẹn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ pé "ṣebí Sunny àti Onyeka ni," ẹ fara balẹ̀. Lọ́dún 1988, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ìlànà kan jáde lórí iye ènìyàn tó wà ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tó lókìkí jù ni ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kan. Ọdún tó tẹ̀lé e ni "Wait for Me" àti ìkejì rẹ̀, "Choices", dé. Ẹ̀ka kan ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìkéde ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ló wà nídìí àwọn orin náà, owó àjọ USAID ni wọ́n sì ń ná. Ọ̀kan ń rọ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n ní sùúrù, èkejì ń rọ tọkọtaya pé kí wọ́n jọ pinnu iye ọmọ. Wọn kò fi í ṣe awo o. Àwọn oníwàádìí kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba nínú ìwé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń kà. Ẹni tó ń jó ní Ìlá ni kò sẹ́ni tó sọ fún.

Ká má parọ́, orin náà sàn ju ìlànà ìjọba lọ fíìfíì. Ọrùn obìnrin ni ìlànà yẹn gbé ẹrù kọ́. Ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kan: ọkùnrin tó ní ìyàwó mẹ́ta lè bí méjìlá láìrú nǹkan kan, tó bá sì tún fẹ́ ìyàwó kẹrin, ó di mẹ́rìndínlógún. Àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ sí i nígbà náà. Ẹni tó kọ ìlànà náà mọ bí ilé wa ṣe rí, ó sì mọ ẹni tó rọrùn láti bá wí nínú ilé ọ̀hún. Ṣùgbọ́n nínú orin, ohùn ọkùnrin àti ohùn obìnrin jọ ń rìn ni, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, kò sí èyí tó bo èkejì mọ́lẹ̀. Ohun tí ìjọba kò lè kọ sínú ìwé, olórin méjì fi ohùn sọ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. (Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Sunny Adé fúnra rẹ̀ kì í ṣe bàbá ọmọ mẹ́rin. Ohùn ni wọ́n wá yá lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò wá yá ìtàn ìgbésí ayé.)

Ìfarapamọ́ kì í ṣe àjèjì nílé wa. John Pemberton, òyìnbó ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ìlá fún ìgbà pípẹ́, kọ̀wé lórí egúngún Ìgbómìnà lọ́dún 1978. Òun àti Fúnṣọ́ Afọláyan tún jọ kọ ìwé lórí ipò ọba Ìlá lọ́dún 1996. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá ka Pemberton kí a tó mọ èyí: tí eégún bá jáde, a kì í sọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, síbẹ̀ gbogbo ìlú mọ agbo ilé tó ti jáde. Tó bá na ọmọ rẹ kọjá bó ṣe yẹ, o mọ ẹnu ọ̀nà tí o máa lọ dúró sí. Ojú ni a bò, a ò bo ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tó ń ki oríkì. Ó mọ̀ pé bàbá bàbá rẹ jẹ gbèsè, ó mọ ẹni tó sá lógun nínú ìdílé yín, ó sì lè sọ ọ́ lójú agbo. Ṣùgbọ́n iwájú rẹ ló ti ń sọ ọ́, o lè fi owó dí i lẹ́nu, o sì mọ ilé ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ wá, àwa náà mọ̀ ọ́n.

Ní tiwa, "Wait for Me" jẹ́ egúngún tó mọ ijó jó, tí a kò mọ agbo ilé rẹ̀. A kò sọ pé torí owó Amẹ́ríkà ni orin náà ṣe burú. Àwọn ìyá tí ọmọ bíbí léraléra pa kì í ṣe ìtàn àlọ́, ìmọ̀ràn yẹn sì wúlò. Ohun tó dùn wá ni pé wọn kò rò pé a lè gbọ́ ìmọ̀ràn kí a sì mọ olùdámọ̀ràn.

Síbẹ̀, orin yẹn ṣe nǹkan kan tí ti òde òní kì í ṣe. Orin kan náà ni gbogbo wa gbọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ ní Òṣogbo ni wọ́n gbọ́ ní Ìlá, ọkọ àti ìyàwó lè jọ jiyàn lé e lórí. Nígbà tó di ìdìbò 2015, ilé iṣẹ́ Cambridge Analytica ti Ìlú Ọba wọ ọ̀rọ̀ Nàìjíríà. Ìwé ìròyìn The Guardian gbé e jáde lọ́dún 2018 pé olówó kan ló sanwó fún wọn, àti pé fídíò ìdẹ́rùbà kan nípa Buhari wà nínú rẹ̀. Ìyẹn pàápàá, ariwo ìṣèlú ni. Èyí tó kan ilé ni ti Flo, áàpù tí àwọn obìnrin fi ń ka ọjọ́ nǹkan oṣù wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kàn án pé ó ṣèlérí ìpamọ́ fún wọn, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ wọn, títí kan oyún, ránṣẹ́ sí Facebook àti Google.

Ẹ wá gbé e wálé. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí láìjẹ́ kí ọkọ mọ̀ ló ń yan abẹ́rẹ́, torí abẹ́rẹ́ kì í fi nǹkan sílẹ̀ nínú báàgì bí oògùn oníhóró. Nọ́ọ̀sì mọ̀, obìnrin náà sì mọ nọ́ọ̀sì; bí ọ̀rọ̀ bá jáde, ó mọ ẹni tí yóò bi. Tó bá wá jẹ́ pé fóònù tí òun àti ọkọ jọ ń lò ló fi wá ìbéèrè rẹ̀ ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì, ìpolówó lè yọ sójú fóònù náà lọ́wọ́ ọkọ. Ta ló máa lọ bá? Ẹnu ọ̀nà wo ló máa dúró sí?

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni. A kà á. Ó ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́, ó sì ní ẹni tó bá ń gba àkọsílẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí òun jẹ́ àti ohun tó fẹ́ fi ṣe. Òfin Àbújá àti àwọn ará Ìlá ti fẹnu kò níbẹ̀ yẹn: sọ agbo ilé rẹ. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Paradigm Initiative figbe ta pé ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 100 náírà. NIMC ní kò sẹ́ni tó já wọ àká òun. Ọgọ́rùn-ún náírà! Ẹ̀dá tó ní orúkọ, tó ní oríkì, tó ní orílẹ̀.

Ní ti orin, a ò ní kí DJ má fi í sí i mọ́. Ẹni tó bá tún un tẹ̀ ni a ń bẹ̀: kó kọ orúkọ Johns Hopkins àti USAID sí ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sunny àti Onyeka. A ó kà á, a ó sì dìde jó.